Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Arìnrìn-Àjò: Ọgbà Àjàrà Ẹ̀bá Òkun ní Hermanus

Gbólóhùn kan péré ni mo fi dárúkọ Hermanus, ìlú ẹ̀bá òkun kan ní Gúúsù Áfíríkà, nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, àfi bí ìgbà tí èèyàn fi igi kan ilé agbọ́n. Lẹ́tà kàn ń ya wọlé ni. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé lójú ewé yìí: ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni mí, Kéèpù Táùn ní Gúúsù Áfíríkà ni mo fi ṣe ibùgbé láti ọdún 2009. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dúró nídìí káńtà ọgbà àjàrà kan, tí mò ń bu wáìnì fún àlejò tọ́ wò, kí n tó ra bọ́ọ̀sì kékeré tèmi tí mo fi ń gbé èèyàn káàkiri àfonífojì ọgbà àjàrà Hermanus. Mo ti ṣa lẹ́tà márùn-ún. Ẹ̀yin tó kù, ẹ má bínú, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn yín wà nínú ti ẹlòmíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ìyàwó mi máa pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a ti fẹ́ ara wa ní oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ márùn-ún la sì fẹ́ lò ní Kéèpù Táùn. Ọmọ wa ti kọ orúkọ ọgbà wáìnì méje ní Hermanus sílẹ̀ fún wa, ó ní ká fi ọjọ́ kan ṣe gbogbo rẹ̀, kí èmi fúnra mi wa ọkọ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe? (Bàbá Ìbejì, Bódìjà, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire o, ẹ ó ṣe púpọ̀ sí i láyé. Ọmọ yín fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibẹ̀ rí. Ìwé tó kọ yẹn ló tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Ní ọgbà kọ̀ọ̀kan, wáìnì mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n máa ń bù fún àlejò, bíi mìlílítà 30 lẹ́ẹ̀kan. Ìsàlẹ̀ gíláàsì lásán ni, kò jọ nǹkan kan lójú. Àmọ́ ẹ gba márùn-ún ní ọgbà méje, ó ti lé ní lítà kan, bẹ́ẹ̀ odidi ìgò wáìnì kò ju mìlílítà 750 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wakọ̀ nìyẹn o! Òfin Gúúsù Áfíríkà kò gbà kí ọtí tó wà nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ tó gíráàmù 0.05. Tòun ti pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ń rìn níbẹ̀. Mo ti rí ọmọ Nàìjíríà kan tó jáde láti inú ọgbà, ojú rẹ̀ dá ṣáká, ó kàn gba ọwọ́ ọ̀tún lọ bó ṣe mọ́ ọn lára nílé. Katakata oko ló ń bọ̀ níwájú. Orí rẹ̀ ló yọ ọ́, torí katakata kì í sáré.

Mẹ́ta ni kí ẹ ṣe, Bàbá. Mẹ́ta péré, kí ẹ háyà awakọ̀, kí ẹ sì sun Hermanus mọ́jú.

Láti Kéèpù Táùn, títì N2 lẹ máa gbà, nǹkan bíi kìlómítà 120, wákàtí kan àtààbọ̀ bí ọ̀nà bá dá. Ẹ ó gun òkè kan tí wọ́n ń pè ní Sir Lowry's Pass. Tí ẹ bá dé góńgó rẹ̀, ẹ ní kí awakọ̀ dúró, kí ẹ bojú wẹ̀yìn, gbogbo òkun False Bay á tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Ẹ má ṣí fèrèsé tí ẹ bá ní oúnjẹ lọ́wọ́, nítorí àwọn ọ̀bọ ńlá ibẹ̀ kì í tọrọ, gbígbà ni wọ́n ń gbà. Lẹ́yìn òkè yẹn ni Elgin, ilẹ̀ èso ápù. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti yàtọ̀, ìyàwó yín á ti máa wá ìborùn. Ní Botrivier, ẹ yà sí R43. Kí ẹ tó wọ àárín Hermanus ni R320 ti yà sọ́wọ́ òsì, ọ̀nà ọgbà àjàrà nìyẹn. Hemel-en-Aarde ni orúkọ àfonífojì náà. Èdè Afrikaans ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni “ọ̀run àti ayé”.

Ọ̀nà yìí bẹ̀rẹ̀ nítòsí òkun, ó sì ń gòkè lọ. Àwọn tó ń ṣe wáìnì pín in sí mẹ́ta, ẹ ó rí orúkọ rẹ̀ lára ìgò: Hemel-en-Aarde Valley nísàlẹ̀, Upper Hemel-en-Aarde Valley láàárín, Hemel-en-Aarde Ridge lókè. Ẹ mú ọgbà kan ní ìpín kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Èmi a máa kó àlejò mi lọ sí Creation lókè ní aago mẹ́wàá, nítorí pé wọ́n ń gbé oúnjẹ kéékèèké tẹ̀lé wáìnì kọ̀ọ̀kan, kò sì yẹ kéèyàn fi ikùn òfìfo bẹ̀rẹ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gba àyè sílẹ̀ ṣáájú, ibẹ̀ kì í ṣófo. Láàárín, ẹ yà sí Newton Johnson. Nísàlẹ̀, Bouchard Finlayson tàbí Hamilton Russell, èyíkéyìí tó bá ṣí. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ, ọgbà mìíràn kì í ṣí lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí, òkun á máa súnmọ́ yín, ibùsùn náà á máa súnmọ́ yín.

Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù, ìyẹn tí n kò rí ẹni sọ fún mi nígbà tèmi: níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oríṣi méjì kan náà ni kí ẹ béèrè fún. Chardonnay, irú àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì funfun, àti Pinot Noir, irú ti wáìnì pupa. Bí wọ́n bá fi mẹ́wàá lọ̀ yín, ẹ ní ẹ dúpẹ́. Ẹni tó bá tọ́ oríṣi ogún wò lóòjọ́, nígbà tó bá di alẹ́, “ó dùn” lásán ni yóò rántí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ́ Pinot Noir kan ṣoṣo wò lókè, láàárín, àti nísàlẹ̀, ahọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdájọ́: eléyìí le díẹ̀, eléyìí rọ̀, tọ̀hún ń ta sánsán bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Èso kan náà, ojú ọ̀nà kan náà, kò ju ìrìn ọkọ̀ ogún ìṣẹ́jú lọ láàárín wọn. Tìtorí èyí ni èèyàn fi ń lọ sí ọgbà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ra ìgò nílé ìtajà kí ẹ jókòó sí Bódìjà.

Ẹ ó rí garawa kékeré kan lórí tábìlì. Títu ọtí dànù ló wà fún. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le létí wa. Ìyá àgbàlagbà kan láti Abẹ́òkúta tí mo gbé lọ ní ìjọ́sí wò mí títí, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, kí n tu ohun tí wọ́n fi ṣe mí lálejò dànù lójú wọn?” Wọn kò tu ẹyọ kan. Ìgbà tí a fi máa dé ọgbà kẹta, Ìyá ti sùn lọ fọnfọn nínú bọ́ọ̀sì, ẹja àbùùbùtán tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta létí òkun, àwọn ni wọn kò rí i. Ẹ tu ú dànù, Bàbá. Kò sẹ́ni tí yóò bínú. Àwọn tó ṣe ọtí náà gan-an ń tu tiwọn.

Ní ti oṣù kẹsàn-án, ẹ yan dáadáa bí ẹ bá fẹ́ ẹja náà, torí Okúdù sí Bélú ni wọ́n máa ń wà ní Walker Bay, òkun iwájú Hermanus, ẹ sì lè jókòó sórí àpáta nínú ìlú kí ẹ máa wò wọ́n. Ní ìparí oṣù yẹn ni ìlú ń ṣe ọdún ẹja náà, ilé ìtura a kún fọ́fọ́. Àjàrà ní tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé nígbà náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìkórè, Fẹ́búárì sí Máàṣì ni kó wá. Ẹ kò lè rí méjèèjì pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ọtí àríyá ni mò ń tà ní Ṣómólú. Oníbàárà mi kan bọ̀ láti ìrìn-àjò, ó fún mi ní ìgò kan tí wọ́n kọ Pinot Noir àti Hemel-en-Aarde sí lára. Pupa rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí sóbò tí wọ́n pò mọ́ omi, ó kan, kò dùn rárá. Ó wá ní owó rẹ̀ ju ti ìgò mẹ́fà nínú èyí tí mò ń tà lọ! Ṣé ó ti bàjẹ́ ni, àbí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ? (Ìyá Bọ́lá)

ÌDÁHÙN: Ìyá Bọ́lá, mo rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú mi, nítorí ohun tí èmi náà sọ ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débi iṣẹ́ nìyẹn. Kò bàjẹ́, wọn kò sì rẹ́ ẹ jẹ.

Èyí tí ẹ ń tà, tó ń dùn mìnìjọ̀ lóde ìgbéyàwó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti Gúúsù Áfíríkà yìí náà ni. Four Cousins, fún àpẹẹrẹ, Robertson ló ti wá, àfonífojì kan nínú lọ́hùn-ún tí oòrùn ti ń mú. Oòrùn ń kó ṣúgà sínú èso. Bí àjàrà bá wá ń kan, ìwúkàrà ló ń jẹ ṣúgà yẹn tó ń sọ ọ́ di ọtí. Tí ẹni tó ń ṣe é bá dá a dúró kó tó jẹ ẹ́ tán, ṣúgà á ṣẹ́ kù, ọtí á dùn. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kó jẹ ẹ́ tán, adùn tán nìyẹn. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ẹmu. Ti àárọ̀ ń dùn, ti ìrọ̀lẹ́ ti le.

Hermanus kì í fi ṣúgà sílẹ̀, kò sì ní oòrùn Robertson. Òkun ló ń darí ohun gbogbo níbẹ̀. Omi rẹ̀ tutù débi pé ẹsẹ̀ lásán tí ẹ bá kì bọ̀ ọ́, eegun á dùn yín. Láàárọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lè máa làágùn nínú ọgbà. Tó bá di ọ̀sán, atẹ́gùn gúúsù-ìlà-oòrùn á gbéra láti orí omi, á wọ inú àfonífojì bí ẹni gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àlejò mi kan láti Lékkí ti wé gèlè tó tó ìlẹ̀kùn, kí a tó sọ pé ẹ dì í mú, ó ti rọ̀ mọ́ wáyà tí wọ́n na àjàrà lé. Ọkùnrin mẹ́ta ló bá wa já a. Atẹ́gùn tó ṣí gèlè yẹn ló ń fún èso ní ìtutù. Èso náà kì í yára pọ́n, ó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, kíkan rẹ̀ kì í sì í tán nínú rẹ̀. Ẹ rántí àgbálùmọ̀: èyí tó kàn dùn lásán láìkan, ta ló ń rà á lẹ́ẹ̀kejì?

Ní ti àwọ̀ rẹ̀ tó fẹ́lẹ́, bí a ti dá Pinot Noir nìyẹn. Awọ èso ni pupa wáìnì ti ń jáde wá, omi inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ funfun ni, awọ ti Pinot Noir sì fẹ́lẹ́ ju ti ọ̀pọ̀ lára àwọn yòókù lọ. Ìdì rẹ̀ kéré, kò kún àtẹ́lẹwọ́, ó há mọ́ra gírígírí bí ìdì ẹyìn tí wọ́n rọ́ kéré. Nítorí pé ó há, bí òjò bá pa á nígbà ìkórè, àárín rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rà kí ẹni tó wà níta tó mọ̀. Oòrùn púpọ̀ ń bà á jẹ́, òjò ń bà á jẹ́. Ọmọ onírà ni, iyebíye ni, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ga. Ẹ fi kún un pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká a, inú àgbá igi tí wọ́n gbé wá láti Faransé ló sì ń sùn fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Kì í ṣe pé wọ́n bá àjàrà níbẹ̀ láti ayébáyé o. Ní 1975 ni Tim Hamilton Russell, oníṣẹ́ ìpolówó ọjà kan láti Johannesburg, ra ilẹ̀ ní àfonífojì náà. Ibi tó tutù ló ń wá káàkiri, nígbà tí àwọn yòókù ń sá fún òtútù. Ìjọba ìgbà yẹn ní ìpín tí wọ́n fi ń díwọ̀n ẹni tó lè gbin àjàrà wáìnì, níbi tó sì lè gbìn ín sí. Ilẹ̀ rẹ̀ kò sí nínú ìpín náà. Ó gbìn ín síbẹ̀síbẹ̀, ó ń bá wọn fà á. Wáìnì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1981. Ìgbà tó di 1992 ni wọ́n tó gbé òfin ìpín yẹn kúrò nílẹ̀. Peter Finlayson tó kọ́kọ́ bá a ṣe wáìnì ti lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní 1989, òun ni Bouchard Finlayson. Creation tí mo ní kí Bàbá Ìbejì lọ, 2002 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ibi tí wọ́n fi gbin àjàrà náà kò ní ẹyọ igi àjàrà kan tẹ́lẹ̀.

Báyìí, ẹ máà da ìgò yẹn nù. Ẹ gbé e sínú fíríìjì fún bí ìdajì wákàtí, ẹ má fi yìnyín sí i. Ẹ sun ẹja tàbí kí ẹ fi adìyẹ ìbílẹ̀ sè olú, kí ata rẹ̀ má pọ̀, ẹ wá mu ún tẹ̀lé e. Ẹ má fi í mu àsun o, ata á pa á kú pátápátá. Ẹ fẹ́ mọ ìgbà tí wáìnì bàjẹ́ lóòótọ́? Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí páálí tí òjò pa, ìdérí rẹ̀ ló ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà. Bó bá ń rùn bí ọtí kíkan tí wọ́n ń fi sí sàláàdì, ó ti lọ.

Ẹ má sì tà á lóde àríyá. Wọ́n á ní ẹ po omi mọ́ ọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mùsùlùmí ni mí, n kì í fẹnu kan ọtí. Ọkọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní gbogbo wa ló ń lọ Hermanus. Ṣé kí n kàn dúró sí ilé ìtura ni? (Alhaja, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Alhaja, ẹ máà dúró síbì kankan. Ìdajì àwọn tí mo ń gbé lọ ni kì í mu ún: ẹni tó ń fọ́mọ lọ́yàn, ẹni tó ń lo oògùn, àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kò fẹ́ kí fọ́tò jáde. Níbi tí wọ́n ti ń fi oúnjẹ pọ̀ mọ́ wáìnì, bí ẹ bá ti sọ fún wọn nígbà tí ẹ ń gba àyè sílẹ̀, tíì tàbí omi èso ni wọn yóò fi rọ́pò tiyín. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá jókòó tán.

Oúnjẹ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Kéèpù Táùn kún fún oúnjẹ halal, nítorí pé àwọn mùsùlùmí ti wà níbẹ̀ fún ọ̀rúndún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ní àfonífojì yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ tó dà bíi pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, wáìnì ni wọ́n fi sè é. Ẹ máa béèrè ní abọ́ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ mú ẹja sísun pẹ̀lú ewébẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà létí òkun Hermanus, nǹkan bíi kìlómítà 12, láàárín àwọn òdòdó igbó tó jẹ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń hù. Ẹ wọ bàtà tó rọ̀, ẹ fi àwọn ọkọ sílẹ̀ kí wọ́n máa tọ́ ọtí wọn wò. Bí ẹ bá ń padà sí Kéèpù Táùn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún gba N2. R44 létí òkun ni kí ẹ gbà, ẹ ó dé Betty's Bay níbi tí àwọn ẹyẹ péńgúìnì ti ń rìn hẹ́bẹhẹ̀bẹ bí alàgbà tó wọ kóòtù. Àwọn àlejò mi tí kò mu ọtí ló sábà máa ń rántí ìrìn-àjò náà jù. Ẹ ṣáà mọ ìdí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, Peckham ní London ni mo wà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ wá ní Fẹ́búárì, aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wa. Ẹnì kan sọ fún wa pé wọ́n á máa wò wá bí ẹni tó ṣìnà wọlé. Ṣé òótọ́ ni? (Kọ́lá)

ÌDÁHÙN: Kọ́lá àbúrò mi, n kò ní parọ́ fún ọ. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo kó àwọn dókítà mẹ́rin kan lọ sí ọgbà kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọ Ìjẹ̀bú ni gbogbo wọn, Kánádà ni wọ́n ń gbé. Ọmọkùnrin tó ń bu wáìnì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa pé àjàrà ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì, bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó yíjú sí tábìlì kejì, àwọn òyìnbó, ó ń sọ̀rọ̀ àgbá igi àti irú ilẹ̀ fún wọn. Mo dákẹ́ títí ó fi padà dé ọ̀dọ̀ wa, mo wá fi Afrikaans bi í pé oṣù mélòó ni èyí lò nínú àgbá, ìdá mélòó nínú igi náà ló sì jẹ́ tuntun. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Láti ìgbà náà ló ti ń bá wa sọ̀rọ̀ gidi, ó tiẹ̀ tún lọ gbé ìgò tí kò sí lórí ìwé wá. Àwọn dókítà náà ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín tó wọn. Irú èyí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ibi tí wọ́n ti gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀ pọ̀ jù ú lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n bó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, má rò pé ojú rẹ ló ń ṣe ọ́.

Ilẹ̀ náà ní ìtàn. Láti 1817 sí 1846, àwọn adẹ́tẹ̀ ni wọ́n kó sí àfonífojì yẹn, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Robben Island, erékùṣù kan náà tí wọ́n wá fi Mandela sí lẹ́yìn ọ̀rúndún kan. Nínú oko àjàrà Kéèpù láyé àtijọ́, wáìnì ni wọ́n fi ń san apá kan owó iṣẹ́ fún alágbàṣe. “Dop” ni wọ́n ń pè é. Òfin ti dè é, ṣùgbọ́n ohun tí ọtí yẹn ṣe fún ìdílé àwọn èèyàn kò tíì tán nílẹ̀, o lè bá ẹni tó máa sọ ọ́ fún ọ pàdé lẹ́nu iṣẹ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé, ẹ bi wọ́n léèrè Tesselaarsdal. Wáìnì ni, orúkọ ìletò kan ní ìhà Caledon ni wọ́n fi sọ ọ́, ibi tí àwọn ẹrú tó gba òmìnira wà lára àwọn tó jogún ilẹ̀ rẹ̀. Berene Sauls ló ni ín. Iṣẹ́ olùtọ́jú ọmọ ló bá dé ọ̀dọ̀ ìdílé Hamilton Russell ní 2001, ó kọ́ iṣẹ́ náà láti ìdí kíkó ẹrù ránṣẹ́ gòkè, ní 2015 ó ṣe Pinot Noir tirẹ̀. Mo gbé ìgò rẹ̀ kan pamọ́ sílé tí n kò tíì ní ọkàn láti ṣí.

Fẹ́búárì tí ẹ yàn dára. Ẹja kò ní sí, ooru á mú, ṣùgbọ́n ìkórè lẹ máa bá. Ẹ dé ọgbà láàárọ̀ kùtù, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé ẹ fẹ́ wo inú ilé tí wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń bù ú. Ẹ ó rí ọpọ́n ńlá tó ga ju orí yín lọ, àjàrà inú rẹ̀ ń hó, ó ń pariwo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹmu tuntun nínú akèrègbè. Awọ èso á ti léfòó sókè, á ti di bí àkàrà nípọn. Ẹnì kan á gun pákó tó wà lórí rẹ̀, á máa fi ọ̀pá ri awọ náà padà sínú omi, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí pupa rẹ̀ lè jáde. Bí wọ́n bá fún ọ ní ọ̀pá yẹn, gbà á. Ó wúwo ju bó ṣe jọ lọ. Má bẹ orí sínú ọpọ́n náà o! Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ń gba èémí lẹ́nu èèyàn, ó ti pa àwọn òṣìṣẹ́ rí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe máa gbé ìgò mẹ́rin dé Àkúrẹ́ láìfọ́? (Olùkọ́ fẹ̀yìntì)

ÌDÁHÙN: Sà, inú àpótí tí ẹ máa fún ọkọ̀ òfuurufú ni kí ó wà, kì í ṣe àpò ọwọ́. Mìlílítà 100 ni wọn kì í jẹ́ kí omi inú ìgò kan kọjá lọ́wọ́ èrò tó ń lọ sí òkè òkun, wọ́n á gba tiyín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó sì máa wò wọ́n. Ẹ tọrọ páálí onígò lọ́wọ́ ọgbà tí ẹ ti rà á. Ẹ fi ọ̀rá we ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹ kì í sínú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, ẹ tẹ́ agbádá yí i ká, kí ó má kan etí àpótí. Ẹ tọ́jú ìwé ìsanwó. Bí ohun tí ẹ rà bá lé ní rándì 250, ẹ lè béèrè owó orí VAT padà ní pápákọ̀ òfuurufú, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á yọ owó iṣẹ́ tiwọn díẹ̀. Àmọ́ aṣọ́bodè gbọ́dọ̀ fojú rí ìgò náà kí ẹ tó fa àpótí sílẹ̀, nítorí náà ẹ tètè dé.

Mo gbé ọ̀kan lọ sí Ìlá báyìí lọ́dún tó kọjá, Pinot Noir ọdún márùn-ún, tí mo dì bí ọmọ tuntun. Adẹ́mu ni bàbá mi, ọ̀pẹ ni wọ́n fi tọ́ wa. Mo bù ú sí gíláàsì fún wọn, mo jókòó tì wọ́n, mo ń ṣàlàyé òkun, mo ń ṣàlàyé atẹ́gùn. Bàbá tọ́ ọ wò, wọ́n gbé e mì, wọ́n tún tọ́ ọ wò. Wọ́n ní, “Ẹmu àná ni wọ́n tà fún ọ.” Wọ́n wá na gíláàsì sí mi pé kí n rọ òmíràn.